Ìtàn Aylesbury Estate: Ìlérí Ìjọba àti Bí Ó Ṣe Ń Dé Ẹnu Ọ̀nà Wa

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá fún yín lẹ́ẹ̀kan yìí dá lórí ibi tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n tí ìwọ̀nba díẹ̀ ló mọ ìtàn rẹ̀. Aylesbury Estate ni, ní Walworth, láàárín Elephant and Castle àti Peckham, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Burgess Park. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn, kí a lè mọ ohun tó ń gbé ètò ìjọba ṣubú kó tó dé ọ̀dọ̀ aráàlú.

BÍ WỌ́N ṢE KỌ́ Ọ

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ilé wọ́n púpọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Bọ́ǹbù ti wó ọ̀pọ̀ ilé, àwọn tó kù ní ìhà gúúsù odò Thames sì ti gbó. Ìdílé méjì mẹ́ta lè máa pín ilé ìgbẹ́ kan ṣoṣo lò. Ìjọba ṣe òfin kan ní 1956 pé bí kánsù bá ṣe kọ́ ilé ga tó ni owó ìrànwọ́ tí yóò gbà lórí rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó. Wọ́n fòpin sí ètò yẹn ní 1967, ṣùgbọ́n nígbà náà ọ̀pọ̀ kánsù ti ya àwòrán ilé gíga sílẹ̀.

Ní 1965 ni wọ́n pa kánsù mẹ́ta àtijọ́ pọ̀, èyíinì ni Southwark, Bermondsey àti Camberwell, tí wọ́n di kánsù Southwark kan ṣoṣo. Kánsù tuntun yìí ló gbé iṣẹ́ Aylesbury dìde. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ó sì parí ní 1977. Ilé-iṣẹ́ Laing ló gba iṣẹ́ náà ṣe, ọgbọ́n ìkọ́lé tó ti Denmark wá ni wọ́n sì lò: wọ́n á da ògiri àti àjà oníkọnkéré sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́, wọn á wá fi ẹ̀rọ gbé wọn tò lé ara wọn. Ilé tó wà níbẹ̀ lé ní 2,700. Wọ́n fi orúkọ àwọn ìletò àti òkè Buckinghamshire sọ wọ́n: Wendover, Taplow, Missenden, Chiltern.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́: inú àwọn tó kọ́kọ́ kó wọ ibẹ̀ dùn. Yàrá fẹ̀, ìmọ́lẹ̀ wà, balùwẹ̀ wà nínú ilé, ooru sì ń wọlé láti orí ẹ̀rọ amómigbóná kan náà fún gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún 1968, tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́, gáàsì bú gbàù ní Ronan Point ní ìhà ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, igun kan ilé gíga náà sì wó lulẹ̀. Àwọn ènìyàn kú. Láti ìgbà náà ni ọkàn aráàlú kò ti balẹ̀ mọ́ lórí ilé oníkọnkéré tí a tò bẹ́ẹ̀.

OWÓ ÌKỌ́LÉ WÀ, OWÓ ÌTỌ́JÚ KÒ SÍ

Ibí yìí ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Owó ìkọ́lé wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn olóṣèlú sì wá ṣí ilé pẹ̀lú àtẹ́wọ́. Owó ìtọ́jú kò ní ọjọ́ àjọ̀dún, ọdọọdún ni a gbọ́dọ̀ máa wá a. Bí ẹ̀rọ amómigbóná kan bá bàjẹ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìdílé ni òtútù yóò mú papọ̀. Bí lífìtì bá dúró, ìyá àgbà tó wà lókè di ẹlẹ́wọ̀n nínú ilé rẹ̀.

Òfin wá tún so kánsù lọ́wọ́. Ní 1980, ìjọba Margaret Thatcher fún àwọn ayálégbé kánsù ní ẹ̀tọ́ láti ra ilé wọn ní ẹ̀dínwó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa jàǹfààní rẹ̀, a ò sì ní bẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Ṣùgbọ́n òfin 1989 sọ pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó ilé tí kánsù bá tà gbọ́dọ̀ lọ sí ìdí gbèsè. Òfin kan náà sọ pé láti oṣù kẹrin 1990, àpò owó ilé gbọ́dọ̀ dá dúró: kánsù kò gbọ́dọ̀ mú nínú owó orí fi tún ilé ṣe mọ́. Nítorí náà, ilé ń dínkù, ilé ń gbó, àpò sì ń gbẹ.

Nígbà kan náà, òfin 1977 ti sọ ọ́ di dandan fún kánsù láti wá ilé fún ìdílé ọlọ́mọ tí kò nílé. Ẹni tó rí ibi tó dára ju Aylesbury lọ kó lọ, ẹni tí kò lè yan ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn ètò SAP ti 1986, tí àwọn ọmọ wa ń rọ́ wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Bí ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ṣe dé ilé wọ̀nyí nìyẹn. Wọ́n tọ́ ọmọ níbẹ̀, wọ́n ra ẹja àti iṣu ní ọjà East Street, wọ́n sì sọ ibẹ̀ di ilé.

ÌLÉRÍ LÓRÍ ÌLÉRÍ

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà 1997, Tony Blair wá sí Aylesbury. Kò tíì ju oṣù kan lọ tó di olórí ìjọba. Ó ṣèlérí pé kò ní sí ẹni tí ìjọba òun yóò gbàgbé. Ní 1999, wọ́n ya mílíọ̀nù 56.2 pọ́ùn sọ́tọ̀ fún estate náà láti ná láàárín ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀kọ́, ìlera, iṣẹ́ àti ààbò ni owó náà wà fún, ó sì ṣe rere níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tó owó tí a lè fi tún kọnkéré 2,700 ilé ṣe.

Wọ́n wá ní kí wọ́n gbé ilé náà kúrò lọ́wọ́ kánsù fún àjọ onílé kan, nítorí àjọ bẹ́ẹ̀ lè yá owó tí kánsù kò lè yá. Ní oṣù kejìlá 2001, àwọn ayálégbé dìbò. Nínú ọgọ́rùn-ún tó dìbò, mẹ́tàléláàádọ́rin ló sọ pé rárá. Wọ́n ń bẹ̀rù pé owó ilé yóò gòkè, pé ẹ̀tọ́ wọn yóò dínkù, àti pé wọ́n á wó ilé lé wọn lórí.

Ní oṣù kẹsàn-án 2005, kánsù kéde pé àtúnṣe yóò gba nǹkan bí mílíọ̀nù 350 pọ́ùn, nítorí náà wíwó ni wọn yóò wó o. Ohun tí àwọn ènìyàn dìbò nítorí rẹ̀ ló tún gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ètò tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2010 ni láti kọ́ nǹkan bí ilé 4,200 sí ipò rẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn yóò jẹ́ títà. Ní 2014, wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún Notting Hill Housing Trust.

Àwọn tó ti ra fúláàtì wọn ló kọ́kọ́ figbe ta. Owó tí wọ́n fẹ́ san fún wọn kò lè ra irú rẹ̀ ní àdúgbò. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, lẹ́yìn ìwádìí ìta gbangba, Sajid Javid tó jẹ́ mínísítà nígbà náà kọ̀ láti fún kánsù láṣẹ àtifipá ra ilé wọn. Lára ìdí tó sọ ni pé ìnira náà yóò kan àwọn àgbàlagbà, àwọn ọmọdé àti àwọn ẹ̀yà tó kéré níye ju bó ṣe yẹ lọ. Kánsù gba ilé ẹjọ́ lọ, wọ́n tún ìwádìí ṣe, àṣẹ náà sì jáde ní 2018 lẹ́yìn tí wọ́n ti bá àwọn onílé náà ṣàdéhùn. Ní oṣù kìíní 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga fagi lé àtúnṣe kan tí kánsù ṣe sí àṣẹ ìkọ́lé. Ayálégbé kan ṣoṣo ló pe ẹjọ́ náà. Apá kan estate náà ti wó, ilé tuntun ti dúró sí ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì parí.

ÌSÀLẸ̀ ÈKÓ KỌ́ WA TẸ́LẸ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun létí wa. Lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn jà ní Èkó, ìjọba dá LEDB sílẹ̀ ní 1928. Ní 1955, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí wó Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris, òyìnbó onímọ̀ kan, ṣèwádìí ọ̀rọ̀ náà, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ó rí i pé ilé tuntun mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ìyá ọlọ́jà pàdánù oníbàárà, owó ọkọ̀ jẹ owó oúnjẹ, ẹbí tó ń gbé agbo ilé kan sì túká. Wọ́n sọ fún àwọn onílẹ̀ pé wọ́n lè ra ilẹ̀ padà, ọ̀pọ̀ kò lágbára owó rẹ̀. Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù jìnnà síra, ṣùgbọ́n àṣìṣe kan náà ni: wọ́n ka iye ilé, wọn kò ka okùn tó so ènìyàn pọ̀.

KÍ LÓ YẸ KÍ A ṢE?

A kò sọ pé gbogbo òṣìṣẹ́ kánsù ló burú. Púpọ̀ nínú wọn ń sa ipá wọn, àwọn ọmọ wa sì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Nítorí náà:

1. Ẹ má sọ lẹ́tà kánsù sí kọ̀rọ̀. Ẹ kà á, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́. Bí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bá le, ẹ mú un wá sí ìpàdé wa.

2. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ kọ ìwé, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Bí onílé kò bá yanjú ẹ̀sùn yín lẹ́yìn tí ẹ ti tẹ̀ lé ètò rẹ̀ dé òpin, ẹ lè gbé e lọ sọ́dọ̀ Housing Ombudsman lọ́fẹ̀ẹ́.

3. Ẹ máa lọ sí ìpàdé àwọn ayálégbé. Láti 2018, Olórí Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ti sọ pé kí àwọn olùgbé dìbò kó tó fi owó ran ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí yóò wó ilé kánsù lọ́wọ́. Òfin náà kò kan iṣẹ́ tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n ó lè kan àdúgbò yín lọ́la.

4. Ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ìlú yìí lọ́nà òfin lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, nítorí a wà nínú Commonwealth. Ẹ forúkọ sílẹ̀. Kánsẹ́lọ̀ mọ òpópónà tó ń dìbò, ó sì mọ èyí tí kì í dìbò.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àwọn tó dìbò ní 2001 àti àwọn tó lọ sí ìwádìí ní 2015 kò rí gbogbo ohun tí wọ́n ń fẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n ka àwọn sí ènìyàn. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ilé wa wó lé wa lórí o. Àmín.