Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìrànlọ́wọ́ Ọlọ́run Nínú Ìtàn Ìjọ ní Ọ̀tà

Kò sí olùṣọ́-àgùntàn tó ń ṣiṣẹ́ ní Sàngó Ọ̀tà tí kò mọ irú ẹ̀bẹ̀ àdúrà tí àwọn ọmọ ìjọ máa ń mú wá. Iléeṣẹ́ ti dá bàbá dúró, owó ilé ti pé, owó ilé-ìwé ọmọ wà nílẹ̀, ìyá àgbà wà ní ilé ìwòsàn. Ìbéèrè tó wà nídìí gbogbo rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ǹjẹ́ Ọlọ́run lè gbà wá nínú ohun tí agbára wa kò ká? Nígbà tí a bá ń dáhùn láti orí pẹpẹ, kì í pẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa tó dé orí ilé ìsìn ńlá tó wà lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, èyí tí wọ́n kọ́ láàárín nǹkan bí ọdún kan. Òótọ́ ni ìtàn náà, ó sì yẹ ní sísọ. Ṣùgbọ́n ìlú Ọ̀tà ní ìtàn ìgbàgbọ́ mìíràn tó ti wà ṣáájú rẹ̀, tí a kì í sábà sọ. Ẹni tó bá gbọ́ ẹyọ kan ṣoṣo nínú àwọn ìtàn wọ̀nyí lè ṣi ìrànlọ́wọ́ Ọlọ́run mọ̀ nígbà tó bá dé sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Iṣẹ́ tí kò yá

Ìlú Àwórì ni Ọ̀tà, ó sì wà lójú ọ̀nà láàárín Èkó àti Abẹ́òkúta. Ibi tí ó wà yìí ló fa ìyọnu fún un. Lẹ́yìn tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó ní nǹkan bí ọdún 1830, wọ́n ń wá ọ̀nà dé etí òkun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1840, wọ́n ṣígun ti Ọ̀tà, wọ́n sì borí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni Ọ̀tà ti wà lábẹ́ Ẹ̀gbá fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Inú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rán James White lọ. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Sàró ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1852, kété lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, òun wà lára àwọn oníwàásù C.M.S. tó kọ́kọ́ wọ Èkó. Kí àwọn ọdún 1850 tó parí, ó ti wà ní Ọ̀tà, ó sì lò ju ogún ọdún lọ níbẹ̀.

Kí ni ó bá níbẹ̀? Ó bá ìlú tí ogun ti gbo, tí a sì mọ̀ káàkiri fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ó bá àwọn èèyàn tí wọ́n ń fetí sílẹ̀ sí ìwàásù rẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò fi òrìṣà wọn sílẹ̀. Ìjọ tó kó jọ kéré, ìdàgbàsókè rẹ̀ sì lọ́ra gidigidi. Ìwé tí ó ń kọ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù nípa iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà nípamọ́ láàárín àwọn ìwé C.M.S. ní Birmingham títí di òní. Bí a bá fi òṣùwọ̀n òde òní wọn ọkùnrin yìí, a ó ní kò ṣe àṣeyọrí. Ẹlòmíràn á tilẹ̀ bèèrè pé, níbo ni Ọlọ́run rẹ̀ wà?

Ẹ jẹ́ kí a wo ìrànlọ́wọ́ tí Ọlọ́run ṣe ní àkókò yẹn dáadáa. Lọ́dún 1850, ìwé Róòmù jáde lédè Yorùbá láti ọwọ́ Samuel Àjàyí Crowther. Nígbà tó di ọdún 1884, Bíbélì ti pé lédè wa. Lọ́dún 1867, ìjà tí a mọ̀ sí Ìfọ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Wọ́n kó ilé ìsìn, wọ́n lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere jáde kúrò ní ìlú. Ó dà bí ẹni pé iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ White di iṣẹ́ náà mú, kò sì kú. Èyí ni ìrànlọ́wọ́ tí kò ní ariwo: èdè tí Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run yóò gbà dé ọkàn àwọn èèyàn, àti àwọn òṣìṣẹ́ tí kò sá lọ. Àwa tí a ń ka Bíbélì Yorùbá lórí pẹpẹ lónìí, inú oko tí wọ́n fi omijé ro ni a ti ń jẹun.

Ọdún àjàkálẹ̀ àrùn

Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé àrùn gágá wọ Èkó, kò sì pẹ́ tó fi tàn ká gbogbo ilẹ̀. Àwọn òpìtàn gbà pé nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù èèyàn ló kú ní Nàìjíríà. Ilé ìwòsàn kò ká a, wọ́n sì ti àwọn ilé ìjọsìn kan pa. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó wà nínú ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa yìí, Joseph Ṣàdàrè tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà, àti Sophia Ọdúnlámì tó jẹ́ olùkọ́, wà lára àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà tó kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà fún ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ jẹ́rìí pé àwọn rí ìwòsàn gbà.

Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ náà ná wọn lówó. Nígbà tó di ọdún 1922, ọ̀rọ̀ ìwòsàn nípa àdúrà àti ìrìbọmi ọmọdé ti fa ìyapa, wọ́n sì kúrò nínú ìjọ tí wọ́n ti ń sìn. Láti ara irú ẹgbẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà ti là dé ìsọjí ọdún 1930 tó bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oyè, Iléṣà, nípasẹ̀ Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Nínú ìtàn yìí, ìrànlọ́wọ́ dé kíákíá sí ara aláìsàn, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ fún ìjọ gba ọdún méjìlá.

Ilé tí wọ́n kọ́ láàárín ọdún kan

Lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọdún 1976, iléeṣẹ́ pọ̀ sí i ní Ọ̀tà àti Àgbárá nítorí pé Èkó kò jìnnà. Àwọn èèyàn rọ́ wá láti ibi gbogbo. Ní 1986, ìjọba gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP kalẹ̀. Náírà já wálẹ̀, ohun tí iléeṣẹ́ ń rà láti òkè òkun di ọ̀wọ́n, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè.

Àárín ọ̀wọ́n-gógó yìí ni ìjọ Winners' Chapel ra ilẹ̀ tó tó éékà 560 ní Ọ̀tà ní 1998. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1999, wọ́n ya ilé ìsìn Faith Tabernacle tó ní ìjókòó 50,400 sí mímọ́. Ìjọ náà sọ pé wọn kò yá owó. Lọ́dún 2002, Covenant University bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ kan náà. Iṣẹ́ ìyanu ni lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, kò sì yẹ kí a kó o kéré.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ka ọdún rẹ̀ pé. Bíṣọ́ọ̀bù David Oyèdépò fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé ọdún 1981 ni òun gba ìpè. Ọdún 1983 ni ìjọ bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná, ọdún 1989 ni wọ́n sì dé Èkó. Nítorí náà, ọdún méjìdínlógún ló wà lẹ́yìn ọdún kan tí a máa ń sọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni, áńgẹ́lì kọ́ ló to búlọ́ọ̀kù; bíríkìlà, káfíńtà àti wẹ́dà ni, pẹ̀lú owó tí àwọn ọmọ ìjọ dá.

Ohun tí a ó wí fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀

Hébérù orí 11 kò jẹ́ kí a yan ìtàn kan kí a ju èkejì nù. Láti ẹsẹ 33, a kà nípa àwọn tó ṣẹ́gun ìjọba, tí wọ́n dí kìnnìún lẹ́nu, títí kan àwọn obìnrin tó rí òkú wọn gbà padà. Láàárín ẹsẹ 35 gan-an, ọ̀rọ̀ yí padà: wọ́n dá àwọn mìíràn lóró, wọ́n sọ wọ́n lókùúta, wọ́n fi ayùn rẹ́ wọn. Òǹkọ̀wé kò sọ pé ìgbàgbọ́ àwọn ti ìkẹyìn kéré. Ẹ̀rí rere kan náà ni gbogbo wọn gbà.

Nítorí náà, kí a má ṣe sọ fún òṣìṣẹ́ tó ti ń gbàdúrà fún oṣù mẹ́jọ láìríṣẹ́ pé àìnígbàgbọ́ ló fà á. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni òótọ́, aláìnígbàgbọ́ ni James White. Kí a má sì sọ fún un pé kó má retí nǹkan kan mọ́, nítorí ilé kan wà lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò tó ń ta ko irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn tó rí ìwòsàn ní Ìjẹ̀bú-Òde náà sì ń ta kò ó. Kí ó bèèrè ohun tí kò ṣeé ṣe, kí ó má sì fún Ọlọ́run ní gbèdéke.

Ọ̀rọ̀ sì kù fún ìjọ fúnra rẹ̀. Nínú ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọwọ́ èèyàn ni Ọlọ́run fi ránṣẹ́. Bí ẹnì kan nínú ìjọ wa bá ń gbààwẹ̀ nítorí pé kò sí oúnjẹ nílé, tí ẹlòmíràn tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì mọ ọ̀gá tó ń gba òṣìṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí ìdáhùn àdúrà náà ti wà nínú ilé ìsìn kí a tó kọ orin ìparí. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Iṣẹ́ olùṣọ́-àgùntàn ni láti kọ́ àwọn èèyàn kí wọ́n lè dá ìrànlọ́wọ́ Ọlọ́run mọ̀, ọ̀nà yòówù kó gbà wọlé.