Àgbo Tí Domagaya Júwe Nínú Yìnyín

Ọ̀rọ̀ àgbo la mú wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe àgbo ilé wa. Ẹ bá mi ká lọ sí Kánádà, níbi tí ìlú Quebec wà báyìí.

Ní ọdún 1535, yìnyín há Jacques Cartier, atukọ̀ ará Faransé, mọ́ ojú odò níbẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bí 110 ọkùnrin. Oṣù bíi márùn-ún ni odò fi dì. Ẹsẹ̀ wọn wú, ó dúdú, èrìgì wọn ń jẹrà, eyín ń yọ. Scurvy ni, àìsàn tí í mú ẹni tí kò rí fítámì C jẹ fún oṣù mélòó kan. Nígbà tó fi máa di àárín oṣù kejì ọdún 1536, àwọn tí ara wọn le kò pé mẹ́wàá. Èèyàn 25 ló kú lápapọ̀.

Cartier ń bẹ̀rù kí àwọn onílẹ̀ má baà mọ̀ pé agbára wọn ti tán. Ó ní kí àwọn aláìsàn máa fi igi àti òkúta lu inú ọkọ̀, bí ẹni pé wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ẹ ò rí ìgbéraga!

Ó wá rí Domagaya, ọmọ baálẹ̀ Stadacona, tó ń rìn dáadáa. Bẹ́ẹ̀ orúnkún ọkùnrin yìí ti wú gan-an ní bí ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú. Cartier purọ́ pé ọmọ ọ̀dọ̀ òun kan ló ń ṣàìsàn, kí ni wọ́n ń lò? Domagaya ní kí obìnrin méjì bá a lọ já ẹ̀ka igi tí wọ́n ń pè ní annedda. Wọ́n ní kí wọ́n se èèpo àti ewé rẹ̀, kí wọ́n máa mu ún lọ́jọ́ kejì-kejì, kí wọ́n sì fi èyí tó ṣẹ́kù nínú ìkòkò di ẹsẹ̀ tó wú. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà wọ́n. Nígbà tí ẹni kan tàbí méjì mu ún tí ara yá, ìjà ló kù kí wọ́n jà. Odidi igi ńlá kan tán láàárín ọjọ́ mẹ́jọ.

Ìwé Cartier kò dárúkọ àwọn obìnrin náà. Ìyẹn ń dùn mí.

Èyí tó dùn mí jù ni ti oṣù karùn-ún. Cartier fi agbára kó Domagaya, bàbá rẹ̀ àti àwọn mìíràn, mẹ́wàá lápapọ̀, lọ sí Faransé. Nígbà tó fi máa di 1541, gbogbo wọn ti kú, àfi ọmọdébìnrin kan. Ní 1604, àwọn ará Faransé mìíràn lo ìgbà òtútù ní erékùṣù Saint Croix. Scurvy pa 35 nínú 79. Igi tí kì í wọ́wé wà nínú igbó òdìkejì odò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè júwe annedda fún wọn mọ́.

Títí dòní, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn igi tó jẹ́. Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa tó wà ní Kánádà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ já ewé igbó sínú ìkòkò. Igi yew jọ díẹ̀ nínú wọn, májèlé tó ń pani sì ni. Ọsàn wà lọ́jà. Bí èrìgì yín bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ lọ rí dókítà.