Ẹ̀yà, Lára Kí Ni?

Ọ̀rọ̀ ìṣe kékeré kan ló wà nínú "ẹ̀yà": yà. Òun náà ló bí ìyàtọ̀ àti ìyapa. Ọ̀nà a máa yà, odò a máa yà, àbúrò náà a sì máa yà kúrò lágboolé bàbá rẹ̀ lọ kọ́lé tirẹ̀. Ohunkóhun tó bá yà, ó ní ibi tó ti yà wá. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ fi ń jẹ́ ẹ̀yà ara. Nígbà tí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sì ń wá orúkọ fún ìdílé méjèèjìlá ti Ísírẹ́lì, ẹ̀yà yìí kan náà ni wọ́n mú. Ọmọ bàbá kan ṣáà ni wọ́n. Àwọn ará Róòmù tí Gẹ̀ẹ́sì ti rí ọ̀rọ̀ "tribe" náà ò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀nà 35 tí wọ́n pín ọmọ ìlú sí láti dìbò ni wọ́n ń pè ní tribus.

Báwo wá ni ẹ̀yà ṣe di ohun tí kò ní ara?

Chinua Achebe tọ ipa ọ̀rọ̀ "tribe" yìí nínú The Trouble with Nigeria, ìwé pẹlẹbẹ tí ilé-iṣẹ́ Fourth Dimension tẹ̀ jáde ní Enugu ní 1983. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí nínú rẹ̀ ni bó ṣe di ẹ̀bi Nàìjíríà ru àwọn olórí. Orí tó sọ̀rọ̀ lórí ẹlẹ́yàmẹ̀yà ló wù mí jù. Ó ní a ti fi ìgbà kan kí "tribe" káàbọ̀ bí ọ̀rẹ́, a tún lé e bí ọ̀tá, kó tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé padà. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú orin orílẹ̀-èdè tí Lillian Jean Williams, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kọ fún wa ní 1960. Ìjọba ológun pa orin yẹn tì ní 1978. Achebe kú ní 2013, kò sì bá wa débi tí orin náà, pẹ̀lú "tribe" inú rẹ̀, ti padà dé ní May 2024.

Ìtumọ̀ tó fún ẹlẹ́yàmẹ̀yà kò lọ́jú pọ̀: kí a torí ibi tí wọ́n ti bí ọmọ orílẹ̀-èdè fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú. Ó tọ́ka sí àwọn fọ́ọ̀mù ìjọba, ti ilé-ìwé, ti iṣẹ́, ti ìwé ìrìnnà, pé kò sí èyí tí kò ní béèrè ẹ̀yà rẹ, tàbí kó fi ọgbọ́n béèrè ìpínlẹ̀ tí o ti wá.

Níhìn-ín, mo rò pé Achebe rọra sọ ọ́ ni. Ẹ mú Asata wò, àdúgbò àtijọ́ kan ní Enugu. Èédú tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà ní 1915 ló kó èrò jọ sí ìlú náà. Wọ́n bí ọmọ kan sí Asata, ó dàgbà níbẹ̀, Onitsha ni bàbá rẹ̀ ti wá. Fọ́ọ̀mù ò bìkítà nípa Asata rárá. Anambra ló fẹ́ kó kọ. Bẹ́ẹ̀, Enugu àti Onitsha jọ wà ní Anambra títí di ọjọ́ 27 oṣù August 1991 tí Enugu yà di ìpínlẹ̀ tirẹ̀ ni. Ọmọ onílé sùn, ó jí bí àlejò. Ígbò ni, Ígbò ló ń sọ, ìyẹn ò sì gbà á là. Ní 2011, ìjọba Abia dá àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe ọmọ ìpínlẹ̀ náà dúró, Ígbò bíi ti àwọn ará Abia ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Kí Yorùbá má rẹ́rìn-ín o: ọjọ́ kan náà ní 1991 ni Ọ̀ṣun yà kúrò lára Ọ̀yọ́, tí òṣìṣẹ́ tó ti fi Ìbàdàn ṣelé wá di ẹni tí wọ́n ní kó máa lọ sí Òṣogbo.

Yà kì í dúró níbi tí èdè bá parí sí.

Ọ̀pọ̀ Yorùbá ò dárí ji Achebe nínú orí yìí, torí ó ní ojú òun ni Awólọ́wọ̀ ṣe gba ipò olórí Ìwọ̀ Oòrùn mọ́ Azikiwe lọ́wọ́ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìbàdàn, nígbà tí òun jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nílùú náà. Bó ṣe sọ ọ́ ní àríyànjiyàn nínú títí dòní. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bínú sí i kì í sábà ka ìyókù. Kò dá Azikiwe náà sí: ó sọ bó ṣe padà sílé wá lé Eyo Ita, ọmọ Calabar, kúrò nípò olórí ìjọba ní Enugu. Ẹni tó bá fẹ́ bá a jà, kó ka méjèèjì pọ̀.

Abala 147 ìwé òfin 1999 ṣì ní ọmọ bíbí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí Ààrẹ máa mú ṣe mínísítà, kì í ṣe ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Ẹ̀yin aṣòfin tí ẹ yára dá orin 1960 padà, ẹ fi irú ìyára yẹn tún abala náà ṣe. Ẹ sì yọ ìbéèrè ìpínlẹ̀ abínibí kúrò nínú fọ́ọ̀mù. Ibi tí ènìyàn ń gbé, tó sì ń san owó orí, ni kí ẹ máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.