Fíúsì Já, Gílóòbù Jó: Ọ̀rọ̀-Ìṣe Ni Kí A Kọ́kọ́ Kó Jọ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa iná ọkọ̀, kó lọ dúró ti àwọn riwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní Ọ̀fà, níbi tí wọ́n ti ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó ń ti Ìlọrin bọ̀ tàbí tó forí lé Òṣogbo. Yóò gbọ́ fíúsì, wáyà, gílóòbù, bàtírì, súìṣì, riléè, ẹ́ẹ̀tì. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn ti wá. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ nìkan ló ń kà, yóò ní Yorùbá ti tán lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ yìí. Àmọ́ kó tẹ́tí sí ohun tí wọ́n ní àwọn nǹkan náà ń ṣe. Fíúsì já. Gílóòbù jó. Bàtírì kú. Wáyà gé. Iná ń ṣẹ́jú. Iná ń ṣe bàìbàì. Kò sí ìkankan nínú ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àwọn gan-an ni riwáyà sì fi ń mọ àìsàn ọkọ̀. Iná tó ń ṣẹ́jú, wáyà rẹ̀ ni kò múlẹ̀ dáadáa. Èyí tó ń ṣe bàìbàì, iná ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó.

Ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ti pẹ́ láàárín wa. Ní 1970, nígbà tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, wọ́n ní láti wá orúkọ fún ọ̀pọ̀ nǹkan. Ní 1984, Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá. Ní 1990, Ọládélé Awóbùlúyì, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìlọrin tí kò jìnnà sí Ọ̀fà, ṣe olóòtú apá kejì. Ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni wọ́n fi àwọn ìwé náà ràn lọ́wọ́, ẹni tó sì ń kọ́ gírámà Yorùbá lónìí ń jẹ èrè iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ kò rí bí iṣẹ́ kíláàsì. Ọmọ-iṣẹ́ riwáyà gbọ́dọ̀ lọ sọ́jà lọ ra ohun tí a dárúkọ fún un. Nítorí náà, èrò mi ni pé kí a jẹ́ kí ohun èlò máa jẹ́ orúkọ tí ọjà ń pè é, kí a kó ọ̀rọ̀-ìṣe àwọn oníṣẹ́ jọ, kí a wá ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kìkì fún ohun tí ojú kò rí, tí ọjà kò sì tà.

Ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀ kan dán an wò. Ní 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to Beetle ní Èkó, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ìjàpá nílẹ̀ wa. Àwọn kan ṣì ń tún Ìjàpá ṣe títí dòní, tí wọ́n ń fẹ́ kó padà rí bó ṣe rí nígbà tó jáde. Wọn a lẹ̀ ẹ́, wọn a kùn ún, a máa dán. Bí ilẹ̀ bá ṣú, iná iwájú á máa ṣe bàìbàì. Ìdí rẹ̀ ni pé abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bàtírì Ìjàpá wà. Iná ní láti rìn láti ẹ̀yìn dé súìṣì tó wà níwájú awakọ̀, kó tó wá lọ sí gílóòbù. Gílóòbù méjì tó jẹ́ wáàtì 55 lọ́kọ̀ọ̀kan ń fa bí áńpíà 9 lórí bàtírì fóltì 12, gbogbo rẹ̀ sì ń gba inú súìṣì àtijọ́ àti wáyà tó ti gbó kọjá. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá fóltì bá ṣòfò lójú ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ tí yóò pòórá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá.

Ibí yìí ni ẹni tó ń kọ ọ́ ní Yorùbá ti máa kọsẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì fà á: iná. Iná ló ń jó igi, iná ló ń gba inú wáyà, iná là ń pe gílóòbù, iná náà ló ń tàn sójú títì. Bí awakọ̀ bá ní «iná ò wá», riwáyà á bi í bóyá gílóòbù ló jó tàbí wáyà ni kò gbé nǹkan kan dé. Lẹ́nu, ìbéèrè kan ti yanjú rẹ̀. Nínú ìwé, kò sẹ́ni tí òǹkàwé máa bi. Mo gbà pé kí a fi iná mọ sí ohun tó ń gba inú wáyà, kí gílóòbù jẹ́ gílóòbù, kí ohun tó bọ́ sójú títì sì jẹ́ ìmọ́lẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ tuntun kankan nínú ìpinnu yìí, ó sì ti mú ìdajì ìdàrú kúrò.

Ìwòsàn bàìbàì ni riléè. Wáyà tí a wé yí irin ká ló wà nínú rẹ̀. Bí iná bá gba inú wáyà náà, irin á di òòfà, ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu wa tipẹ́, tí ará Ọ̀fà kò sì ní ṣàì rẹ́rìn-ín sí. Òòfà á fa irin pẹlẹbẹ kan mọ́ra, á dún kẹ́, ọ̀nà á sì ṣí fún iná mìíràn. Iná tó ń sọ irin di òòfà, èyí nìkan tí yóò máa gba inú súìṣì, kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin áńpíà. Èyí tó gba ọ̀nà tó ṣí, láti bàtírì lọ sí gílóòbù, lè tó áńpíà 9. Bí oníbodè ìgbà àtijọ́ ló rí: àṣẹ tó ti ààfin wá kò ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ, ṣùgbọ́n bó bá ti dé etí rẹ̀, ẹrù gbogbo ọjà á gba ẹnu bodè wọlé.

Ṣé kí a wá máa pe riléè ní oníbodè? Gẹ̀ẹ́sì náà kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ẹṣin tí kò tíì rẹ̀, tí wọ́n fi ń pààrọ̀ èyí tó ti rẹ̀ lójú ọ̀nà, ni wọ́n gbé fún ohun èlò tí Joseph Henry ṣe ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1835, tí wọ́n sì wá ń lò fún tẹligíráàmù. Síbẹ̀, ẹni tó bá lọ bèèrè oníbodè lọ́wọ́ alápáàtì, òfo ni yóò mú bọ̀. Ẹ jẹ́ kí riléè máa jẹ́ riléè. Ohun tó nílò orúkọ ni iná méjèèjì tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀ kò tíì mọ ohun tí riléè ń ṣe. Mo sọ èyí tó ń sọ irin di òòfà ní iná àṣẹ, mo sọ èyí tó ń lọ sí gílóòbù ní iná iṣẹ́.

Ẹ́ẹ̀tì náà nílò ìrànlọ́wọ́. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí ilẹ̀, a ti ṣi ọmọ-iṣẹ́ lọ́nà, nítorí orí rọ́bà ni ọkọ̀ dúró sí. Ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni iná ń gbà padà sínú bàtírì. Yorùbá ti ní àlọ àti àbọ̀: bí iná kò bá ní àbọ̀, àlọ rẹ̀ kò sí. Bí ìpàtà bá ti bo ibi tí a so wáyà mọ́ ara ọkọ̀, àbọ̀ ló bàjẹ́, bó ti wù kí riléè náà jẹ́ tuntun tó.

Pẹ̀lú ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ yìí, a lè kọ iṣẹ́ náà tán. Mú wáyà tó nípọn láti orí pọ́sítíìfù bàtírì, fi fíúsì áńpíà 15 sí i nítòsí bàtírì, kí o sì so ó mọ́ ẹsẹ̀ 30 riléè. Láti ẹsẹ̀ 87, fi wáyà tó nípọn bẹ́ẹ̀ gbé iná iṣẹ́ lọ sí gílóòbù méjèèjì. Wáyà tó ń ti súìṣì bọ̀ sí gílóòbù tẹ́lẹ̀, so ó mọ́ ẹsẹ̀ 86; iná àṣẹ ló ń gbé báyìí. Ẹsẹ̀ 85 ni àbọ̀ iná àṣẹ: ha ara ọkọ̀ títí irin yóò fi hàn, kí o tó so ó mọ́ ọn. Lo riléè kan fún dímù, ìmọ́lẹ̀ tó ń wolẹ̀, kí o lo òmíràn fún fúùlù, ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ jìnnà. Nọ́ńbà wọ̀nyí, ìlànà DIN 72552 ti Jámánì ló fi wọ́n lélẹ̀, bákan náà ni wọ́n rí lára riléè tí wọ́n ń tà ní Ọ̀fà àti ní Berlin. Ẹ má túmọ̀ wọn.

Àwọn kan yóò ní Yorùbá tí riléè àti fíúsì wà nínú rẹ̀ kò mọ́. Irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ ni asọ̀rọ̀mágbèsì fún rédíò, ọ̀rọ̀ tó dùn tí ìwé ìròyìn sì ń lò, ṣùgbọ́n ẹni tí rédíò rẹ̀ bàjẹ́ kì í gbé e lọ sọ́dọ̀ alásọ̀rọ̀mágbèsì. Ìjàpá, ní tirẹ̀, kò sí ìgbìmọ̀ kankan tó ṣẹ̀dá rẹ̀, ó sì dúró, nítorí ẹni tó rí ọkọ̀ náà kò ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún òun.

Ilé-ẹ̀kọ́ Gbogboǹṣe Ìjọba Àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀fà láti 1992, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń kọ́ni níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù riwáyà kò jìnnà sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ so méjèèjì pọ̀, kó gbé ìwé tó kọ fún ọmọ-iṣẹ́ kan ní ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kò sí nílé, kó sì jókòó tì í láìsọ̀rọ̀. Gbólóhùn tí ọmọ náà bá dúró lé lórí, tó gbójú sókè láti bèèrè ọ̀rọ̀, òun ni ká kọ́kọ́ tún kọ.