Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Ṣe Bí Iná Ọ́ìlì Alùpùpù Bá Tàn

Iná ọ́ìlì ni iná pupa kékeré tí ó ní àwòrán agolo ọ́ìlì, tí ó wà níwájú alùpùpù, nítòsí ibi tí a ti ń wo eré. Ó máa ń tàn nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́, a sì kú ní kété tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá kú, tàbí bí ó bá ṣàdédé tàn lójú ọ̀nà, ó ń kìlọ̀ pé agbára tí ń ti ọ́ìlì káàkiri inú ẹ́ńjìnnì ti lọ sílẹ̀. Bí kò bá sì tàn rárá nígbà tí a yí kọ́kọ́rọ́, gílóòbù tàbí wáyà rẹ̀ ni kí a yẹ̀ wò.

Ọ́ìlì ni kì í jẹ́ kí irin máa ha irin. Bí ó bá tán, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré tó kí písítìn gan, kí táyà ẹ̀yìn sì dúró gbagidi lórí eré. Ewu ni èyí fún ẹni tí ń gùn ún àti èrò ẹ̀yìn rẹ̀. Owó àtúnṣe rẹ̀ sì lè gba èrè ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́kadà tí kò tíì san gbèsè alùpùpù rẹ̀ tán.

Ìgbésẹ̀ tí ẹ ó gbé

1. Ẹ rọra yà kúrò lójú títì, kí ẹ sì pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má ṣe gùn ún dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.
2. Ẹ gbé e dúró ṣánṣán lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 5 sí 10 kí ọ́ìlì lè sọ̀kalẹ̀.
3. Ẹ yọ gééjì ọ́ìlì, ẹ fi àkísà nù ún, ẹ tì í bọ ihò rẹ̀, kí ẹ sì tún yọ ọ́. Lórí ọ̀pọ̀ alùpùpù, a kì í lọ́ ọ wọlé nígbà tí a bá ń wọn ọ́ìlì. Ìwé ìlò rẹ̀ ni yóò sọ. Àárín àmì méjèèjì ni ó yẹ kí ọ́ìlì wà.
4. Bí ó bá dín, ẹ máa bù ú kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kọjá àmì òkè.
5. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì. Bí iná kò bá kú kíákíá, ẹ tètè pa á, kí ẹ tì í lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Irú ọ́ìlì tí ìwé ìlò dárúkọ ni kí ẹ lò. Inú ọ́ìlì kan náà ni kílọ́ọ̀ṣì ọ̀pọ̀ alùpùpù wà, nítorí náà àwọn ọ́ìlì mọ́tò kan lè mú kí ó máa yọ̀. Ẹ wo ara ike rẹ̀ fún àmì JASO MA tàbí MA2.

Bí ọ́ìlì bá pé, tí iná kò sì kú

Bí ọ́ìlì bá ń rùn bíi bẹntiróòlù, ó ṣeé ṣe kí kabúrétọ̀ máa jò sínú rẹ̀. Bí ó bá funfun bí ògì, omi ti wọ̀ ọ́, bóyá láti inú àgbàrá tí a gbà kọjá. Ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnnì mọ́ títí a ó fi dà á nù. Ó sì lè jẹ́ pé asẹ́ ọ́ìlì ti dí, tàbí pé pọ́ǹpù rẹ̀ ti jẹ.

Nígbà mìíràn, súíìṣì ọ́ìlì tàbí wáyà rẹ̀ ni ó bàjẹ́. Mẹkáníìkì yóò yí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnnì, yóò sì yọ wáyà kúrò lára súíìṣì. Bí iná kò bá kú, wáyà náà ti bó, ó sì ń kan irin níbì kan. Bí ó bá kú, kí ó fi ohun ìwọ̀n wo agbára ọ́ìlì kí ó tó dá súíìṣì lẹ́bi. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé wáyà iná náà kí ó má baà tàn mọ́.

Àwọn alùpùpù mìíràn

Lórí àwọn alùpùpù tí ọ́ìlì wọn ń jó pọ̀ mọ́ bẹntiróòlù, tí wọ́n sì ní táńkì ọ́ìlì lọ́tọ̀, iná yìí ń sọ pé táńkì náà ti fẹ́ gbẹ. Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kò ní iná ọ́ìlì rárá. Kí ẹni tí ó ni irú rẹ̀ máa wo gééjì láràárọ̀ kí ó tó jáde, kí ó sì wo ilẹ̀ abẹ́ ẹ́ńjìnnì bóyá ọ́ìlì kán síbẹ̀.

Ẹ má ṣe da ọ́ìlì tí ó ti gbó sí gọ́tà, odò tàbí ìtòsí kànga. Ẹ gbà á sínú kẹ́ẹ̀gì tí ó ní ìdérí, kí ẹ sì fà á lé mẹkáníìkì lọ́wọ́ fún àwọn tí ń kó o.