Ìlera Lẹ́nu Iṣẹ́, láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ kí a jọ sọ̀rọ̀ kan tí ó kan bàbá àti ìyá yín lónìí, tí yóò sì kan ẹ̀yin náà lọ́la.

Ìtàn tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà Ìkòròdú ni pé oko òdú ni ibẹ̀ kí ó tó di ìlú. Àwọn tí ó ti ọ̀nà Rẹ́mọ wá tẹ̀ ẹ́ dó bá ewébẹ̀ òdú níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n sì ń pè é ní Oko Òdú, títí ẹnu fi yí i sí Ìkòròdú. Òdú kì í ṣe àìmọ̀ fún olóko. Ẹ̀fọ́ gidi ni. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé ìlú tí a fi ewébẹ̀ sọ lórúkọ ni ó wá di ìlú ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹni tí ó bá dúró ní Ìtamaga, lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, yóò rí bí èrò ti ń du bọ́ọ̀sì àti kẹ̀kẹ́ Màrúwà. Àwọn kan ń lọ sí Èkó, àwọn kan ń lọ sí ọjà, àwọn mìíràn forí lé Odógunyán níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá wà. Gbogbo wọn ni ara wọn dá ṣáṣá bí wọ́n ti ń jáde lọ. Ara wo ni wọn yóò gbé padà wálé ní ìrọ̀lẹ́?

A máa ń sọ pé ìlera ni oògùn ọrọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a fi ń wá ọrọ̀ náà lè jẹ ìlera run. Àwọn baba wa mọ èyí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi dá àáró sílẹ̀, tí àwọn ọ̀rẹ́ fi ń bá ara wọn ro oko ní ìkọ̀ọ̀kan, kí iṣẹ́ má baà pa ẹnì kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń bẹ ọ̀wẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ ìsinmi tí ẹnikẹ́ni kì í fi ọkọ́ kan ilẹ̀, àti nígbà tí oòrùn bá kan àtàrí, àgbẹ̀ a wọ abẹ́ igi, a jẹun, a mu omi, a nà gbalaja.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ bí ẹni pé gbogbo ohun àtijọ́ ni ó dára. Ẹ lọ sí Ẹ̀pẹ́, ẹ wo àwọn ìyá wa tí ń yan ẹja. Iná igi ni wọ́n fi ń yan án láti ayébáyé. Èéfín a kó sí wọn lójú, a kó sí wọn láyà, ọmọ tí a pọ̀n sẹ́yìn a sì máa fà á símú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, èéfín ìdáná nínú ilé pa tó 3.2 mílíọ̀nù ènìyàn káàkiri ayé. Nígbà tí ìyá aláyanẹja bá ń wúkọ́ lóru, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣe bàìbàì, a kì í sọ pé iṣẹ́ ni ó ṣe é. A ó ní, “Ọjọ́ orí ni.”

Oníṣègùn kan wà ní ilẹ̀ Ítálì nígbà kan rí tí kò gba irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀. Bernardino Ramazzini ni orúkọ rẹ̀. Ní ìlú Modena, ó ń wo ọkùnrin kan tí ó ń kó ìgbẹ́ inú ṣáláńgá ilé rẹ̀, ó sì rí i pé ọkùnrin náà ń fi ìkánjú ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ọkùnrin náà gbé ojú sókè láti inú ihò, ó ní ẹni tí ó bá pẹ́ ju wákàtí díẹ̀ lọ níbẹ̀, ojú rẹ̀ yóò fọ́. Ramazzini yẹ ojú náà wò, ó ti pọ́n kankan. Àwọn àgbà tí ó mọ agbépóò ní Èkó yóò mọ irú iṣẹ́ tí mò ń wí. Láti ìgbà náà ni Ramazzini ti ń wọ inú ṣọ́ọ̀bù àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kiri, ó ń lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, amọ̀kòkò, ahunṣọ àti ayagbẹ́. Ní ọdún 1700 ó tẹ ìwé jáde lórí àrùn tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń fà. Ohun tí ó gba àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ níyànjú kò ju ọ̀kan lọ: lẹ́yìn gbogbo ìbéèrè tí wọ́n ń bi aláìsàn, kí wọ́n bi í ní irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún báyìí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ aláìsàn ni ó ń wọ ilé ìwòsàn tí ó ń jáde tí ẹnikẹ́ni kò bi í ní ìbéèrè náà.

Ní Èkó, àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn gbé ohùn sókè. Ní oṣù August ọdún 1897, Gómìnà Henry McCallum fẹ́ yí ètò wákàtí iṣẹ́ padà fún àwọn òṣìṣẹ́ Ilé Iṣẹ́ Òde, àwọn tí ń la ọ̀nà tí wọ́n sì ń kọ́lé fún ìjọba. Àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀, wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, gómìnà ní láti bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn tí ń kọ ìtàn sábà máa ń ka ìyanṣẹ́lódì yìí mọ́ ìjà owó àti agbára. Mo gbà, ṣùgbọ́n ní tèmi, ìjà ìlera ni pẹ̀lú. Ẹni tí ó ń bá ọ ṣe àdéhùn wákàtí iṣẹ́, ara rẹ ni ó ń bá ọ pín.

Òfin wá bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀. Ní 1941 ni a ṣe òfin pé kí agbanisíṣẹ́ san owó fún òṣìṣẹ́ tí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ní 1955 ni a ṣe òfin ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, tí a tún tún ṣe ní 1987. Òfin yìí ní kí ibi iṣẹ́ mọ́ tónítóní, kí afẹ́fẹ́ máa wọlé, kí omi mímu wà, kí ibi ìfọwọ́ wà, kí àpótí oògùn ìtọ́jú ọgbẹ́ wà nítòsí. Ó tún sọ pé níwọ̀n ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá wà nínú ilé iṣẹ́, a kò gbọdọ̀ ti ìlẹ̀kùn ní ọ̀nà tí ẹni inú ilé kò fi ní lè tètè ṣí i. Mo fẹ́ kí ẹ di gbólóhùn ti ìlẹ̀kùn yìí mú.

Ní ọjọ́ 25 oṣù March 1911, iná sọ ní ilé iṣẹ́ aránṣọ kan tí wọ́n ń pè ní Triangle ní ìlú New York. Àwọn òkè ilé alájà mẹ́wàá ni ilé iṣẹ́ náà wà. Àwọn ọmọbìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkèèrè wá ń wá oúnjẹ òòjọ́ ni ó pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Wọ́n sáré dé ibi ìlẹ̀kùn kan, wọ́n bá a ní títì. Ènìyàn 146 ni ó kú. Àwọn kan bẹ́ láti ojú fèrèsé. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Frances Perkins dúró ní ìgboro, ó rí wọn bí wọ́n ti ń já bọ́. Kò gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí ó di mínísítà fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní 1933, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò wà nínú ìgbìmọ̀ ààrẹ níbẹ̀, àwọn òfin tí ó dúró tì fún ààbò òṣìṣẹ́ kò lóǹkà.

Ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún lẹ́yìn èyí, ní oṣù September 2002, iná sọ lóru ní ilé iṣẹ́ kan ní Odógunyán ní Ìkòròdú. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó gba iṣẹ́ alẹ́ wà nínú ilé. Wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn láti ìta, nítorí kí wọ́n má baà jí ẹrù gbé, gẹ́gẹ́ bí ìròyìn ìgbà náà ti wí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jóná kọjá ohun tí ojú lè dá mọ̀. Òfin tí ó ní kí a má ti ìlẹ̀kùn ti wà nínú ìwé wa láti bí ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta sẹ́yìn nígbà náà. Kí ni ó jẹ́ kí a ti ìlẹ̀kùn? Ẹni tí ó ka rọ́bà sí ohun tí ó níye lórí ju ènìyàn lọ ni ó tì í. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará, àwọn tí ó mọ̀ pé wọ́n ń tì í ní alaalẹ́ ńkọ́? Iṣẹ́ ṣòro láti rí. Ẹni tí ebi ń pa kì í fẹ́ bá ọ̀gá jiyàn lórí kọ́kọ́rọ́. Nítorí náà ni ayẹ̀léiṣẹ́wò ìjọba ṣe wà, kí ó bá a jiyàn náà.

Iná a máa jó lójijì, gbogbo ayé a sì rí i. Òjé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òjé kì í ṣe àjèjì sí wa, àwọn olórìṣà a máa fi í ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Lóde òní, inú bátìrì ọkọ̀ ni ó pọ̀ sí jù. Ní Ògíjó, tí ó wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣùgbọ́n tí ó fara ti Ìkòròdú, àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń fọ́ ògbólógbòó bátìrì, tí wọ́n ń yọ́ òjé inú rẹ̀ fún títà sí òkè òkun. Ní 2025, àwọn akọ̀ròyìn New York Times àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn ṣètò kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn aládùúgbò wò. A bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kọjá ààlà, títí kan ti àwọn ọmọdé. Ìjọba ti díẹ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ náà pa fún ìgbà kan nínú ọdún náà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí òjé ti ń ṣiṣẹ́, nítorí ẹ̀yin ọmọdé ni ó ń bá jà jù. Eruku rẹ̀ àti èéfín rẹ̀ ni ènìyàn ń fà símú. Ó lè gba ọwọ́ tí a kò fọ̀ bọ́ sínú oúnjẹ. Bí ó bá ti dé inú ara, egungun a fi í pamọ́ fún ọdún púpọ̀. Ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ru. Ní ti ọmọdé, ọpọlọ ni ó ń lọ bá: ọmọ tí ó já fáfá a bẹ̀rẹ̀ sí gbàgbé ẹ̀kọ́, olùkọ́ tí kò mọ̀ a sì máa nà án. Bàbá tí ó ń ṣiṣẹ́ òjé kò ní mọ̀ pé òun ń fi aṣọ iṣẹ́ gbé e wálé. Ọmọ a sáré dì mọ́ ọn, eruku a sì kó sí i lára. Obìnrin oníṣègùn ará Amẹ́ríkà kan, Alice Hamilton, ti rí gbogbo èyí ní ìpínlẹ̀ Illinois ní 1910, nígbà tí ó ń wọ ilé iṣẹ́ òjé láti ọ̀kan dé òmíràn. Kí aṣọ iṣẹ́ má kúrò ní ibi iṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ wẹ̀ kí ó tó lọ sílé, kí ó má jẹun níbi tí eruku wà: owó kékeré ni gbogbo èyí ń ná ilé iṣẹ́.

Ibo wá ni òṣìṣẹ́ lè yà sí? Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí ó wà ládùúgbò ni kí ó kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, kí ó sì sọ irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún wọn bí wọn kò tilẹ̀ bi í. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní ètò ìbánigbófò tí a ń pè ní Ìlera Èkó. Oníṣẹ́ ọwọ́ àti ìyá aláyanẹja lè wọ̀ ọ́, kì í ṣe ti akọ̀wé nìkan. Ní ti ẹni tí ó bá fara pa tàbí tí iṣẹ́ bá kó àrùn bá, òfin ọdún 2010 ni ó rọ́pò ti àtijọ́. Agbanisíṣẹ́ ni ó ń san owó sí àpò náà lóṣooṣù, kọ́bọ̀ kan nínú ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀ tí ó ń san fún gbogbo òṣìṣẹ́. Kò gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó oṣù wọn. Òṣìṣẹ́ tí ó fara pa, tàbí ará ilé rẹ̀ bí òun kò bá lè sọ̀rọ̀, gbọ́dọ̀ fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ méje láti fi tó àjọ tí ń bójú tó owó náà létí. Ẹ bá mi kọ ọjọ́ mẹ́rìnlá yẹn sára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà, níbi tí gbogbo ilé ti lè rí i.