Ìwé Àkọsílẹ̀ Ojúmọ́ àti Ìtàn Yorùbá

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Òwe yìí fi hàn pé ẹnu ni àwọn baba ńlá Yorùbá fi ń tọ́jú ohun tí ó ti kọjá. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àrọ́bá kì í sábà rántí, èyí ni bí ènìyàn ṣe lo ọjọ́ kan ṣoṣo. Àrọ́bá a máa sọ ọba tí ó jẹ àti ogun tí a jà. Kì í sọ iye ọmọ tí ó wá sí ilé-ìwé ní òwúrọ̀ kan, tàbí ilé aláìsàn tí a bẹ̀ wò kí oòrùn tó wọ̀. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni irú àkọsílẹ̀ báyìí gbilẹ̀ láàrin àwọn ọmọ Yorùbá tí ń ṣiṣẹ́ ìjọ C.M.S.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ ọjọ́ kà tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ wọn. Bí wọ́n bá sì ń ka ọjọ́, wọn a ka ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí ọjà tí a ń ná ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin fi ń jẹ́ ọjà ọrún, tí ìpàdé tí ó ń wáyé ní ọjọ́ mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún sì fi ń jẹ́ ìtàdógún. Nínú ọjọ́ kan náà, àfẹ̀mọ́júmọ́ wà, ìyálẹ̀ta wà, ọ̀sán gangan wà, ìrọ̀lẹ́ sì wà. Ètò yìí tó fún àgbẹ̀, ó sì tó fún ọlọ́jà. Ohun tí kò sí nínú rẹ̀ ni kí ènìyàn jókòó ní alẹ́, kí ó kọ ohun tí ó fi ojúmọ́ ṣe sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti kà.

Ẹgbẹ́ C.M.S., tí a dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1799, ni ó ń béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, àti òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú. Ohun èlò iṣẹ́ náà kò ju ìwé, kálàmù àti tàdáwà lọ. Òṣìṣẹ́ yóò kọ ọjọ́ oṣù sí òkè, yóò sì kọ ohun tí ó ṣe sí abẹ́ rẹ̀: ìsìn tí ó darí, ọmọ tí ó kọ́, ìta tí ó ti wàásù, ìjà tọkọtaya tí ó parí, òjò tí kò jẹ́ kí ó jáde. Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, yóò yan èyí tí ó ṣe kókó, yóò dà á kọ, yóò sì fi í ránṣẹ́. Àwọn ọ̀gá kò rí òṣìṣẹ́ wọn. Ìwé náà ni ojú tí wọ́n fi ń wò ó.

Iṣẹ́ yìí wà lára ohun tí ó gbé orúkọ Samuel Àjàyí Crowther jáde. Ọmọ Òṣoògùn ni. A mú un lẹ́rú ní 1821, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á sílẹ̀ ní 1822. Nígbà tí ó bá àwọn òyìnbó gòkè odò Ọya ní 1841, ó ń kọ ohun tí ó rí lójoojúmọ́. A tẹ ìwé rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti J. F. Schön ní 1842. Ní 1843 a fi í jẹ àlùfáà. Ní ọjọ́ 21 oṣù Ògọ́sìtì, 1846, nígbà tí kò tíì pé oṣù kan tí ó dé Abẹ́òkúta, ìyá rẹ̀ tí kò fojú kàn fún bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n wá a wá, òun àti arákùnrin rẹ̀. Àárín ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni Crowther kọ ọ́ sí, lábẹ́ ọjọ́ rẹ̀: bí wọ́n ti di ara wọn mú, tí wọ́n ń wo ara wọn láìfọhùn, tí omijé sì ń dà lójú ìyá náà. Nítorí pé ó kọ ọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì gbóná lọ́kàn rẹ̀, ẹni tí ń kà á lónìí kò ní láti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa méfò ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀.

Ti Samuel Johnson tún ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òṣìṣẹ́ ìjọ ni ní Ìbàdàn nígbà tí ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ ní 1877, òun ni ó sì gbé lẹ́tà Aláàfin Adéyẹmí lọ sí Èkó ní 1881. Ó ń kọ ohun tí ó rí àti ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀. Ní 1897 ó parí ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá. Ó fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1899, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901. Àkọsílẹ̀ àti ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí ó fi sílẹ̀ ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, fi tún ìwé náà kọ, tí ó fi jáde ní 1921. Bí ó bá ṣe pé orí nìkan ni Johnson fi ń pa nǹkan mọ́, ìwé náà ìbá bá a wọ sàréè.

Síbẹ̀, àwọn ìwé wọ̀nyí ní àbùkù. Ẹni tí ń jíhìn fún ọ̀gá tí ń san owó rẹ̀ kò ní í fẹ́ kọ ọjọ́ tí ó fi ṣe ọ̀lẹ. Babaláwo tí ó bá oníwàásù jiyàn kò ní ìwé tirẹ̀. Ohun tí oníwàásù ní ó sọ nìkan ni ó kù. Èyí tí ó dunni jù ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Èdè Yorùbá ni ìyá Crowther mọ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a fi sọ ìtàn ìpàdé rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ohun kékeré tí òṣìṣẹ́ náà kò kà sí ìtàn rárá ni òpìtàn ń rí lò jù. Lára wọn ni J. F. Adé Àjàyí ti fa púpọ̀ yọ nínú ìwé rẹ̀ ti 1965, àti J. D. Y. Peel nínú tirẹ̀ ti 2000.

Nígbà tí ó yá, àṣà náà kúrò ní ti ìjọ nìkan. Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san ti Ìbàdàn kọ ìwé ojúmọ́ tirẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kì í sì í ṣe fún ọ̀gá kankan. Gbèsè tí ń dà á láàmú, àlejò tí ó wá, àti ẹjọ́ ilẹ̀ ẹbí wà nínú rẹ̀. Ilé-ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn ni ó wà báyìí.

Àwọn ìwé C.M.S. wà ní Yunifásítì Birmingham, òmíràn sì wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ti àwọn tísà, akọ̀wé àti oníṣòwò tí kò lókìkí, àpótí abẹ́ ibùsùn ni ilé àkójọ tiwọn. Bí baba bá kú, tí a bá ń tún yàrá rẹ̀ ṣe, àpótí ìwé ni a sábà kọ́kọ́ ń gbé lọ sí ààtàn. Ó yẹ kí ẹni tí yóò gbé e kọ́kọ́ ṣí i wò. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, kí ó kọ ọjọ́ oṣù sí òkè, kí ó kọ ohun tí ó ṣe sí abẹ́ rẹ̀, kí ó sì fi èdè Yorùbá kọ ọ́.